Oúnjẹ Tó Léfòó Lójú Omi

Mo mọ bàọ́lọ́jì dáadáa nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, torí pé ká ní òpè ni mí, ìtìjú tí mo ń gbé kiri yìí ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Mo lè di ojú ya àwòrán rẹ̀ fún yín nígbà náà: oòrùn ń fún koríko lágbára, tata ń jẹ koríko, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tata, ejò ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì, àwòdì ń gbé ejò. Mo mọ̀ pé nínú gbogbo oúnjẹ tí ẹranko kan bá jẹ, díẹ̀ péré ló ń di ẹran ara rẹ̀. Ìyókù á bá ooru ara lọ tàbí kó di ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tó bá kú, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ilẹ̀, ilẹ̀ á tún sọ ọ́ di ewé. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi, mo sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Èdè òyìnbó ló jẹ́ kí n fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì, tí mo fi jókòó sílé lọ́dún náà. Bàọ́lọ́jì kọ́.

Nínú kúlọ́ọ̀sì kan, òpópónà kékeré tí kò já síbì kankan, tó kángun sí kànáàlì ní Festac l'Ékòó ni ilé wa wà, ilé ìsàlẹ̀, tó ní ẹ̀yìnkùlé. Dádì mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ afẹ̀yìntì àdúgbò wa ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Ó fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ pọ́ńdì sẹ́yìnkùlé, ó da ọmọ ẹja àrọ̀ bí irinwó sí i. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, bí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé Alákijà, òórùn oúnjẹ ẹja ni yóò máa gbọ́ láti ilé dé ilé. Ẹja náà ni wọ́n fẹ́ tà tí mo bá wọ yunifásítì. Dádì kò fi pa mọ́ fún mi. Bó bá ti rí mi tí mo ń da oúnjẹ sómi, á ní, "Ara rẹ lò ń bọ́ yẹn o."

Lẹ́yìn pọ́ńdì, ilẹ̀ gbọọrọ kan wà láàárín ògiri wa àti kànáàlì, ìyá àgbàlagbà kan ló ń dáko ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Kúje, abúlé tó wà nítòsí wa, ni, ọmọ onílẹ̀ gan-an. Kí ìjọba tó gba ilẹ̀ náà láti fi kọ́ Festac, oko bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó máa ń fi ọkọ́ tọ́ka sí ilé wa, á ní, "Ibi tí pálọ̀ yín wà yẹn, gbágùúdá la gbìn síbẹ̀." Kì í fi ìbínú sọ ọ́. Òun ló wá tọrọ àyè ẹ̀yìn ilé lọ́wọ́ Dádì, Dádì sì ní kó máa lò ó. Ọmọ onílẹ̀ ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, èmi kò sì rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugú ló ń gbìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé Kúje pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ẹ̀fọ́ yẹn ni gbogbo wọn ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń wọ̀.

Iṣẹ́ Dádì àti ti Màmá wọnú ara wọn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Dádì á tan jẹnẹrétọ̀, pọ́ǹpù á máa fa omi ìdọ̀tí jáde nínú pọ́ńdì. Màmá á ti fi ọkọ́ la ojú omi sáàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ rẹ̀, á máa dí ìhín, á máa ṣí ọ̀hún, títí omi yóò fi kárí. Ìgbẹ́ ẹja ni ẹ̀fọ́ rẹ̀ ń jẹ, ewé wọn sì máa ń fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ewé tó bá ti gbó, igi ẹ̀fọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Mọ́mì kó fún un láti kíṣìnì, á kó gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ páànù ògbólógbòó kan títí tí ìdin á fi yọ nínú rẹ̀. Á wá bu ìdin náà sínú pọ́ńdì. Ẹja á sì dìde gìrì, omi á máa ta sókè. Èmi á ti fi ọwọ́ di imú mi.

"Dókítà," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "ìdin yìí lo máa jẹ lọ́jọ́ Kérésì o. Á kàn ti pààrọ̀ aṣọ ni."

Mo fẹ́ràn láti máa kọ́ ọ. Mo máa ń gbé ìwé mi lọ sórí ògiri, mo máa ń ṣàlàyé fún un pé oríṣi ìrìnàjò méjì ló wà. Agbára oòrùn ń wọlé lójoojúmọ́, ewé ń gbà á, ẹranko ń gbà á lára ewé, ó ń bá ooru lọ, kì í sì í padà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi mọ ara, ìyẹn ń yí po ni, kì í tán. Lọ́jọ́ tí mo sọ ìyẹn, Màmá dáwọ́ ọkọ́ dúró.

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ìwé ni, mà."

"Ìwé yẹn gbọ́n. Ó kù kó wá bá mi tu koríko."

Nínú oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí ooru ń mú bí ẹni pé yóò bó wa láwọ. Ẹ̀gbọ́n Dádì kú ní ìlú wọn, òun àti Mọ́mì sì lọ síbi ìsìnkú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Kó tó wọ mọ́tò, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi agolo mílíìkì hàn mí.

"Agolo kan láàárọ̀, agolo kan nírọ̀lẹ́. Bí o bá ti rí i pé wọn ò sáré wá bá oúnjẹ mọ́, dáwọ́ dúró. Lọ́la, tan jẹnẹrétọ̀, fa omi yẹn dà nù, kí o da tuntun sí i. Màmá á ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Mo ṣe ti ọjọ́ Jímọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní ibi tí mò ń lọ. Kafé kan wà ní Apple Junction nígbà náà, níbi tí èèyàn ti ń sanwó wákàtí láti lo kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí sì ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù lòun wà. Ó ní òun máa dúró dè mí láti aago méjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti tó ẹni tó lè mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn sí irọ́ náà. Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Mi ò fà á lẹ́ẹ̀kẹta, torí mi ò fẹ́ kí òógùn ba ojú tí mo ti kun jẹ́.

Lẹ́yìn náà mo bu agolo kan dà sómi. Mo rántí pé mi ò ní tètè dé, mo tún bu ti ìrọ̀lẹ́ lé e. Mo rántí pé mo fẹ́ sùn pẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo bu ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà lé e. Mo wò ó, kò dà bíi pé ó pọ̀ lójú omi tó fẹ̀ tó yẹn. Mo bá gbé àpò, mo dà á. Mi ò wọ̀n ọ́n, mi ò sì wo ohun tó kù nínú àpò. Mo ní wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì fún àlejò. Èmi tí mo mọ̀ pé oúnjẹ tí a kò jẹ máa jẹrà nínú omi, tí mo mọ ohun tí ìjẹrà ń ṣe sí omi, tí mo ti fi bírò pupa fàlà sí i.

Bí mo ṣe ń tilẹ̀kùn, Màmá pè mí láti ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀. "Dókítà, a ò ní fa omi lónìí ni?"

"Epo ti tán, mà. Ó di Mọ́ńdè."

Epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ó kún.

Nígbà tí mo padà dé, mo gbọ́ òórùn kan láti ẹ̀yìnkùlé, mi ò lọ wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo dìde lọ mu omi ní kíṣìnì, mo wo ìta lójú fèrèsé, mo sì rí Màmá tó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńdì, tó mú asẹ́ lọ́wọ́. Mo ní bóyá omi ẹ̀fọ́ ló ń bù. Mo padà lọ sùn.

Ìgbà tí mo jáde ni mo rí wọn. Àrọ̀ dúdú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ funfun, gbogbo pọ́ńdì sì ti di funfun. Díẹ̀ tó kù ń gbé ẹnu sókè láti mí, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé kì í tètè kú nìyẹn, ṣùgbọ́n omi náà ti di májèlé, ó sì ń jó wọn láti inú. Kì í ṣe ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun. Ojú omi ni mo kọ́kọ́ wò bóyá oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Mo ní, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ara mi sì fúyẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́ lójú òkú ẹja bàbá mi! Ojú ṣì ń tì mí fún ìfúyẹ́ yẹn ju ìyókù lọ.

Màmá dúró lódìkejì. Ó wò mí títí. "Wọ́n ti lọ," ó ní. "Bàbá rẹ máa dé lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Mú ọkàn le."

Ọ̀sán ni Dádì àti Mọ́mì dé. Dádì ṣì wọ aṣọ ìsìnkú, bàtà rẹ̀ ṣì dọ̀tí pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dorí bọ́kẹ́ẹ̀tì kodò, ó jókòó lé e. Ó wá bi mí. "Ṣé o fún wọn lóúnjẹ bí mo ṣe wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Agolo kan, agolo kan."

"O fa omi?"

"Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, sà."

Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, ó sì gbà á gbọ́. Ó fi etí aṣọ nu ojú. Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí, kódà níbi òkú ìyá rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tẹ orí ba. Nígbà tí Dádì ní kí a kó ẹja náà dà sí kànáàlì, òun ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ kí n sin ín sílẹ̀, kó má ṣòfò." Dádì juwọ́ pé kó ṣe bó bá ṣe wù ú. Màmá àti èmi la jọ fi kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì kó wọn, ó ń gbẹ́lẹ̀, mò ń dà á. Omi pọ́ńdì náà, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e tán sídìí ẹ̀fọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ẹ̀fọ́ Màmá fi yí padà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tẹ̀tẹ̀ dé orúnkún mi, ewé ugú dúdú mìnìjọ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá rà á ń pe ara wọn wá. Ẹni tó bá mọ̀wé nínú wa yẹ kó ti mọ̀ pé ẹja irinwó ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè padà. Èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n alága àwọn onílé ní kúlọ́ọ̀sì wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó wá kí Dádì kú ọ̀fọ̀, ó dúró létí ògiri, ó wo ẹ̀fọ́ yẹn lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹni tó jèrè ikú ẹja yín rèé o."

Dádì ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń jẹ òun náà lọ́kàn. Àpò oúnjẹ ẹja tó rà kí wọ́n tó rìnrìnàjò ti lọ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọmọ òun bá bu agolo kan láàárọ̀ àti agolo kan nírọ̀lẹ́, ta ló gbé ìyókù? Alága fo ògiri, ó fi igi tú abẹ́ páànù tí Màmá ń kó ìdọ̀tí ewé sí. Oúnjẹ ẹja ló bá níbẹ̀, ìṣù ńlá, ó ti wú, ó ti bu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti ṣe ọ̀sìn ẹja rí tí kò ní dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n ní ìyá náà ń jí oúnjẹ ẹja fi ṣe ajílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí oúnjẹ kò tó o mọ́ ló da oògùn kòkòrò sómi, kí ó lè rí ẹja sin sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu bí ti gbogbo wọn. Mi ò mọ bí oúnjẹ náà ṣe dé abẹ́ páànù. Mo tilẹ̀ rò ó, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé bóyá lóòótọ́ ni Màmá ń jí i díẹ̀díẹ̀, pé bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi kò tó bí mo ṣe rò. Mo di èrò náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí Dádì wá bi mí bóyá mo rí Màmá nítòsí pọ́ńdì nígbà tí wọn kò sí nílé, mo dá a lóhùn.

"Mo rí wọn láàárọ̀ Sunday, sà. Wọ́n mú asẹ́ lọ́wọ́."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, kò sí èyí tó tó òótọ́ yẹn.

Dádì kò pariwo mọ́ Màmá. Ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn, alága àti onílé méjì mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá, mi ò bá yín jà. Oúnjẹ ẹja mi ló wà lábẹ́ páànù yín. Ẹ ṣáà sọ fún mi bó ṣe débẹ̀."

Màmá gbé ojú sókè. Kì í ṣe Dádì ló wò. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ló wò.

"Dókítà," ó ní, "ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ̀bẹ̀ ni. "Rárá, mà," ni mo wí.

"Ó dáa." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ni mo kó o síbẹ̀. Mi ò jalè, mi ò sì pa ẹja yín. Ohun tí mo lè sọ ò jùyẹn lọ."

"Ẹ ò rí i?" ni alága wí. "Ó ti jẹ́wọ́! Kó máa lọ!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó ọkọ́ rẹ̀, asẹ́ rẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Kò fa ẹ̀fọ́ kankan tu. Ó pe Mọ́mì sétí ògiri, ó ní, "Ẹ máa ká a jẹ, kó má gbó dànù." Mọ́mì kò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ náà dára jù, kò sì lè jẹ́ kó gbó. Ó sè é lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹ̀gúsí sí i. Mo jókòó sídìí oúnjẹ yẹn, mo sì mọ ọ̀nà tó gbà dénú abọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: oúnjẹ tí mo dà sómi, ẹja tó pa, ilẹ̀ tó jẹ ẹja, ewé tó jẹ ilẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo bu sí i.

Mo wọ yunifásítì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Dádì ta mọ́tò rẹ̀ kí n lè lọ. Lọ́dún kejì, olùkọ́ kan dúró níwájú wa, ó ń kọ́ wa nípa omi tí kì í ṣàn, ó ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn ọlọ́sìn ẹja bá da oúnjẹ jù sómi: bó ṣe ń jẹrà, bí àwọn kòkòrò ìjẹrà ṣe ń fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, bí májèlé ṣe ń wọ inú ẹja láti ibi pupa tó fi ń mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi jáde síta, mo dúró sábẹ́ igi, torí mo ti lo ọdún méjì láti máa sọ fún ara mi pé bóyá ooru ni, bóyá jẹnẹrétọ̀ ni, bóyá Màmá ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bóyá mọ́. Síbẹ̀ mi ò sọ fún Dádì. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí. Ó kú nígbà tí ó ku oṣù mélòó kan kí n parí.

Ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ni mo lọ sí Kúje. Mo ṣàpèjúwe Màmá fún àwọn tí mo bá lójú ọ̀nà, ìyá tó ń dáko ẹ̀fọ́ lẹ́yìn Festac láyé àná, tí ọmọ rẹ̀ bí mẹ́rin, wọ́n sì mú mi dé agbo ilé kan. Ó ti gbó. Kò ní ilẹ̀ tó ń ro mọ́. Inú àpò ìrẹsì tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sí ló gbin ugú sí, mẹ́fà, wọ́n tò sídìí ògiri. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Dókítà."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni. Èmi ni mo pa ẹja yẹn. Èmi ni mo da oúnjẹ náà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo dé, mo rí oúnjẹ tó léfòó lójú omi bí ìgbà tí èèyàn da gàrí sí i. Ta ló tún kù tó máa dà á? Mo ní kí bàbá rẹ má bàa ti ojú òkú dé wá lu ẹ́. Mo bá fi asẹ́ kó o kúrò. Mo ní bí ọkàn rẹ bá balẹ̀ tán, wàá sọ fúnra rẹ."

Mi ò lè gbójú sókè. "Ẹ ò wá sọ fún wọn, mà. Ẹ ò sọ pé èmi ni."

"Ọmọ wọn ni ẹ́. Wọ́n á ní mo tún purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ." Ó fa koríko kan tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo sì bi ẹ́. Níwájú gbogbo wọn, mo bi ẹ́."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, ó béèrè bàbá mi. Mo sọ fún un pé ó ti kú. Ó béèrè bóyá ó mọ̀ kó tó lọ. Mo ní kò mọ̀. Ó fi ọwọ́ ro yẹ̀pẹ̀ inú àpò ìrẹsì kan, ó ń fọ́ ọ́ wẹ́wẹ́.

"Èèyàn dáadáa ni," ó ní. "Mo máa ń rò ó pé á wá lọ́jọ́ kan, á ní, Màmá, ẹ má bínú. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, mo máa ń ní bóyá òun ni. Ta ni mo wá fẹ́ sọ fún báyìí pé èmi kọ́?"

Ó ká ugú fún mi, ó dì í sínú ọ̀rá. Mo gbà á, torí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi ìpàdé àwọn onílé ní kúlọ́ọ̀sì wa. Alága ìjọ́sí ṣì ni alága. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ géètì tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí ẹnu ọ̀nà kúlọ́ọ̀sì. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí ìyá tí wọ́n lé kúrò lẹ́yìn ilé wa, pé èmi ni mo pa ẹja Dádì, kì í ṣe òun.

Alága wo ojú mi. "Ìyá wo?"

"Ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́, sà. Ẹ bá oúnjẹ ẹja lábẹ́ páànù wọn."

Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún mi orí. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹja àtijọ́ nìyẹn. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá yín sáfẹ́fẹ́ rere. Jókòó, a ò tíì parí ọ̀rọ̀ géètì."

Mi ò jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti agolo kan láàárọ̀, agolo kan nírọ̀lẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnì kan ń wo fóònù. Akọ̀wé nìkan ló ṣàánú mi. Ó ṣí ìwé ìpàdé, ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà kò jẹ̀bi, kó lè wà nínú ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé bírò sókè, ó bi mí pé kí ni orúkọ ìyá náà.

Mo lanu. Mi ò mọ̀ ọ́n.